Ìfun ọmọ ọlọ́mọ nínú ọmọ àbúrò mi

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi, mi ò kàn ní ìgboyà láti kọ ọ́ ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí, wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé òun ló ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń lo oògùn, kì í wù ú kó sọ ní gbangba pé òun náà ti ṣe ohun tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló sọ pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n rìn tí orí rẹ̀ kì í mì. Bí tèmi ṣe mì ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Àbúrò mi obìnrin tó tẹ̀lé mi gan-an, Amẹ́ríkà lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọdún 2009 ló bí ọmọkùnrin kan síbẹ̀. Nítorí pé mi ò fẹ́ kí wọ́n máa nàka sí ọmọ náà, Àkànbí ni n ó máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí i ni àbúrò mi pè mí lóru. Ó ní, "Àǹtí mi, ọmọ yìí ń bì. Èébì ọ̀hún kò rí bíi wàrà o, àwọ̀ ewé ló ní, àfi bí omi tí wọ́n fi fọ ewúro." Oorun dá lójú mi. Mo ní, "Gbé e lọ sí ọsibítù báyìí báyìí. Má wẹ̀ ẹ́, má sì dúró de ọkọ rẹ." Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ti gba èèyàn láyé mi, bóyá lèyí tó wúlò tó ìyẹn wà.

Bí wọ́n ṣe ṣí ikùn ọmọ náà ni wọ́n rí i pé ìfun rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra, bí ìgbà téèyàn bá ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Láti inú oyún ni ìfun náà kò ti jókòó síbi tó yẹ kó jókòó sí. Nígbà tó wá lọ́, ẹ̀jẹ̀ kò ráyè débẹ̀ mọ́, ó ti dúdú. Wọ́n gé e kúrò. Èyí tó kù nínú ìfun kékeré rẹ̀ kò ju ìwọ̀n ìka mélòó kan lọ.

Ìfun kékeré àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi mítà 6. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, bó jẹ iyán odidi odó kan, ebi ni yóò pa onítọ̀hún. Láyé àtijọ́, kò sí ohun tí dókítà kankan lè ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960 ni Dókítà Stanley Dudrick àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílùú Philadelphia fi hàn pé wọ́n lè po ṣúgà, èròjà amúaradàgbà àti fítámì pọ̀, kí wọ́n sì máa fà á sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, kí ọmọ sì máa dàgbà láìjẹun lẹ́nu. Oúnjẹ ojú iṣan yìí ni Àkànbí fi gbé ọdún méjì àkọ́kọ́ láyé. Wákàtí méjìlá lálaalẹ́ ni ẹ̀rọ fi ń fà á sí i lára, rọ́bà kò sì kúrò láyà rẹ̀ tọ̀sán tòru.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan fún yín níbí yìí. Ní wọ́ọ̀dù tèmi nílé níbí, mo ti rí ọmọ tí táífọ́ọ̀dù lu ìfun rẹ̀ bí ajere, mo ti rí èyí tí ìfun rẹ̀ há sínú ìpá títí tó fi kú. Tí dókítà bá gé ìfun tó sì ṣẹ́ èyí tó pọ̀ tó kù, ọmọ á lọ sílé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Tí kò bá ṣẹ́ èyí tó tó kù, mo mọ bó ṣe máa ń parí. Èmi ni mo máa ń bá ìyá bẹ́ẹ̀ di ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi sunkún fún mi lórí fóònù, èmi ń dúpẹ́ nínú ara mi pé ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ló bí i sí, ojú sì tún ń tì mí pé mo ń dúpẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ oúnjẹ ojú iṣan náà ní tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kòkòrò àìsàn gba ojú rọ́bà yẹn wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí epo. Lọ́dún 2011, àwọn dókítà ní àfi kí wọ́n wá ìfun mìíràn fún un kí ẹ̀dọ̀ yẹn tó kọjá àtúnṣe. Kò sì síbi tí wọ́n ti ń ra ìfun. Ọmọ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kú, kí àwọn òbí rẹ̀ sì sọ nínú ẹkún wọn pé kí wọ́n mú un.

Ọjọ́ tí mo sọ fún Màmá pé wọ́n ti rí i, wọn kò jó, wọn kò yọ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, inú ta ni yóò wá wà nínú ọmọ yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ìfun ni, kì í ṣe inú." Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìdáhùn ọmọ iléèwé nìyẹn. Lédè tiwa, inú ni gbogbo nǹkan wà. Inú rere wà, inú burúkú wà, inú fùfù wà. Inú ló ń dùn, inú ló ń bàjẹ́. Ohun tí Màmá ń bi mí ni pé tí wọ́n bá pààrọ̀ inú ọmọ, ṣé ọmọ wa náà ló kù? Mi ò ní ìdáhùn lọ́jọ́ yẹn. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn ọmọ ogun inú ara

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé atẹ́gùn kiri, sẹ́ẹ̀lì funfun tún wà níbẹ̀. Àwọn ni ọmọ ogun ara. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ ará ilé yàtọ̀ sí àjèjì. Kòkòrò àìsàn bá wọlé, wọ́n á gbéjà kò ó. Ohun tó wá ń fa wàhálà ni pé wọn kò mọ àlejò tó wá ṣe wá lóore yàtọ̀ sí olè. Kíndìnrín tí wọ́n gbà lára ẹlòmíràn láti fi gba èèyàn là, olè ni lójú wọn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Dókítà Joseph Murray àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston ṣe àkọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín tó yọrí sí rere, lọ́jọ́ 23, oṣù Kejìlá, ọdún 1954, láàárín ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Ọmọ ogun ara èyí kò rí àjèjì nínú kíndìnrín èkejì rẹ̀. Fún àwọn tí kì í ṣe ìbejì, oògùn tó ń mú ọwọ́ àwọn ọmọ ogun yìí rọlẹ̀ ni wọ́n ní láti kọ́kọ́ wá. Nígbà tí oògùn náà wá, iṣẹ́ yìí tàn kálẹ̀. Wọ́n ṣe pààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 2000, ní ọsibítù St. Nicholas l'Ékòó.

Ṣùgbọ́n ti ìfun yàtọ̀. Gbogbo ohun tí a bá jẹ àti èyí tí a bá mu, ibẹ̀ ló ń gbà. Kòkòrò tí kò lóǹkà ló sì ń gbé inú ìfun wa láìṣe wá ní jàǹbá, tí wọ́n tilẹ̀ ń bá wa ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ọmọ ogun ara pọ̀ gan-an nínú ìfun. Àwọn kan wà káàkiri, àwọn mìíràn kó ara wọn jọ bí ilé sójà sára ògiri ìfun. Johann Conrad Peyer, dókítà ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, ti kọ nípa àwọn ilé sójà yìí láti ọdún 1677, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tó bá gba kíndìnrín, kíndìnrín ló gbà. Ẹni tó bá gba ìfun, ó gba odidi bárékè pẹ̀lú àwọn sójà tó wà nínú rẹ̀, tí ìbọn wọn sì wà lọ́wọ́ wọn. Ogun méjì ló lè ṣẹlẹ̀. Èkíní, àwọn ọmọ ogun onílé lè kọlu ìfun tó wọlé, kí wọ́n bó ara rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èkejì, àwọn ọmọ ogun tó bá ìfun wá lè máa ba onílé jà, kí awọ ara rẹ̀ sú, kí ẹnu rẹ̀ bó, kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wú. Ìdí nìyí tí ìfun fi pẹ́ lẹ́yìn kí ó tó ṣeé pààrọ̀. Ó di ọdún 1988 kí àwọn dókítà tó ṣe é láṣeyọrí nílùú Kiel ní Jámánì, àti nílùú London tó wà ní Kánádà. Lẹ́yìn ìyẹn ni oògùn kan tí wọ́n ń pè ní tacrolimus dé, tí àwọn dókítà Pittsburgh ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ lò dáadáa, tí ọ̀nà sì wá là.

Onílé àti àlejò

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rán ikùn tán. Mo ka ìwé nípa rẹ̀ nítorí ọmọ yìí, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe yé mi.

Lọ́dún 1991, àwọn dókítà Pittsburgh kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn pé nígbà tí àwọn bu ẹran díẹ̀ lára ìfun tí wọ́n pààrọ̀, tí àwọn sì wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, àwọn rí ohun ìyanu. Awọ inú ìfun náà, èyí tó ń gba oúnjẹ, ti ẹni tó fi í tọrẹ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun tó ń gbé inú rẹ̀ ti ń di ti onílé díẹ̀díẹ̀. Ilé àlejò, ẹ̀ṣọ́ onílé.

Awọ inú ìfun yìí kì í pẹ́ o. Kò ju bíi ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ tó fi ń bó tí òmíràn sì ń hù. Àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ìfun náà fúnra rẹ̀, nítorí náà bó ti wù kó hù tó, ti ọmọ tó ti lọ yẹn ló ń hù.

Lẹ́yìn náà ni Dókítà Megan Sykes àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Columbia, ní New York, wá ń ka àwọn ọmọ ogun yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń bi wọ́n pé, ìwọ, ọmọ ta ni ọ́? Ohun tí wọ́n kọ lọ́dún 2016 ni pé kì í ṣe pé onílé kàn ń rọ́pò àlejò ní ìdákẹ́jẹ́. Àwọn méjèèjì mọ ara wọn ní àjèjì, wọ́n sì jọ ń tì síra wọn. Níbi tí ti onílé bá ti fi ipá yára ya wọ inú ìfun, ibẹ̀ ni ara sábà máa ń kọ ìfun náà sí. Níbi tí ti àlejò bá ti dúró wámúwámú díẹ̀, tí wọ́n sì yọ jáde sínú ẹ̀jẹ̀ onílé láìpa onílé lára, ìkọ̀sílẹ̀ kì í pọ̀. Lọ́dún 2019, wọ́n tún rí i pé ìyá sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìfun náà, ti ẹni tó fi í tọrẹ. Àwọn ìyá yìí ń bí ọmọ ogun tuntun sínú ara onílé. Ohun tó tù mí lára nínú rẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n bá bí síbẹ̀, tí wọ́n sì dàgbà síbẹ̀, wọ́n máa ń mọ onílé ní ará ilé, wọn kì í bá a jà.

Àwa Yorùbá mọ irú nǹkan báyìí. Àjèjì tó wọ àdúgbò wa, tí a kò fojú rere wò lọ́jọ́ tó dé, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sínú àdúgbò ń sọ èdè wa, ó ń bá ọmọ wa ṣeré. Àmọ́ àlàáfíà náà kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àwọn ọmọ ogun onílé tó ti mọ ìfun ní ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan máa ń gbé inú rẹ̀ pẹ́, wọn kì í tètè gbàgbé. Oògùn ló ń dì wọ́n lọ́wọ́ mú, láàárọ̀ àti lálẹ́, láìyẹ wákàtí.

Àgbo tí mo dì sínú àpò

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn mí nìyí. Lọ́dún 2013, Àkànbí ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìfun tuntun náà ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti yọ rọ́bà àyà rẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì, ó ń jẹ dòdò. Màmá gba físà láti lọ wò ó. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ tí wọ́n ti ń bá ra ọjà látìgbà tí wọ́n bí wa, wọ́n ra èèpo igi àti egbò tó ń mú ara ọmọdé le. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n ń fún ní oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́, ara rẹ̀ kò le nìyẹn, àwọn fẹ́ fi okun kún un.

Èmi nọ́ọ̀sì ni mo di àgbo náà. Mo wé e sínú ọ̀rá, mo fi èlùbọ́ bò ó mọ́lẹ̀ kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má bàa rí i. Mo mọ ohun tí ọmọ náà ń lò. Mo mọ̀ ọ́n kọ sílẹ̀, mo mọ̀ ọ́n pè. Ṣùgbọ́n mo ní lọ́kàn ara mi pé àgbo yìí kan náà ni wọ́n fi tọ́ èmi, kí ló lè ṣe? Mi ò sì fẹ́ kí Màmá bínú sí mi pé ìwé ti sọ mí di òyìnbó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí Màmá dé ọ̀hún, ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ náà. Ní ọjọ́ kẹta ó ti di omi lásán, ẹ̀jẹ̀ sì wà níbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹni tó bá gba kíndìnrín, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè tètè ta dókítà lólobó bí ara bá ti ń kọ̀ ọ́. Ti ìfun kò rí bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu ni wọ́n ní láti tì bọ ọmọ náà nídìí, kí wọ́n sì já ẹran tíńtín nínú ìfun láti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rí i pé awọ inú rẹ̀ ti ń bó. Àwọn ọmọ ogun onílé ti dìde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, oògùn tacrolimus tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ kò yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àbúrò mi pè mí. Ó ní, "Àǹtí mi, wọ́n ń bi wá pé kí la tún fún un mọ́ oògùn rẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan kan." Mo dákẹ́. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Mo ní mò ń gbọ́. Mo ní òun á pè mí padà. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ara mi tutù bí ẹni tí wọ́n da omi lù. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Kò sí ẹlòmíràn tó fi àgbo yẹn ránṣẹ́.

Mo pè é padà kó tó pè mí. Mo ní, "Wo ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá. Àgbo ni. Èmi ni mo dì í fún wọn." Kò sọ ohunkóhun. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Oṣù méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ohun tí dókítà sọ, ọkọ rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ní kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àgbo náà ló fà á, nítorí kò sẹ́ni tó mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé pé ẹ̀dọ̀ àti ìfun ló ń fọ́ tacrolimus dànù nínú ara, pé ewé àti egbò mìíràn máa ń mú wọn sáré fọ́ ọ ju bó ṣe yẹ lọ, tí oògùn á fi dín kù, tí òmíràn sì máa ń dí wọn lọ́wọ́, tí oògùn á fi pọ̀ dé ibi tó ti ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó ní yàtọ̀ sí àgbo yẹn, kò sí nǹkan mìíràn tó yí padà nílé náà. Àti pé okun tí Màmá fẹ́ fi kún ara ọmọ yẹn, bó bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe rò ó, àwọn tí wọ́n ń bẹ̀ pé kí wọ́n sùn ni wọn ì bá jí.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló lò ní ọsibítù. Wọ́n fa oògùn sítẹ́rọ́ìdì sí i lára, wọ́n fi oògùn tó le ju ìyẹn lọ tẹ̀lé e. Ọlọ́run ṣe é, ìfun náà gbà padà. Màmá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n da àgbo náà nù fúnra wọn. Wọ́n kàn sọ fún àbúrò mi pé, "Mo fẹ́ kí ara ọmọ mi le ni." Títí dòní, tí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, ẹ̀rí ọkàn mi a máa dá mi lẹ́bi ju tiwọn lọ. Màmá kò mọ̀. Èmi mọ̀.

Ìdáhùn mi fún Màmá

Nígbà tí Màmá padà dé, mo jókòó tì wọ́n lẹ́yìnkùlé níbi àpótí yẹn. Mo ní, "Màmá, ẹ bi mí lọ́jọ́sí pé inú ta ni yóò wà nínú ọmọ wa." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí ó ṣe yé mi nígbà náà, pé awọ ìfun náà, ti ọmọ ọlọ́mọ ni, títí ayé rẹ̀ ni yóò sì jẹ́ ti ọmọ ọlọ́mọ. Pé àwọn ọmọ ogun inú rẹ̀, ti àwọn méjèèjì ni, wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Pé ẹni tó bá pa ọ̀kan run níbẹ̀, ó pa ọmọ náà. Pé ìwà kò sí nínú ìfun, ṣùgbọ́n oore wà níbẹ̀.

Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Ọmọ méjì ló ń jẹun nígbà tó bá ń jẹun nìyẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, tí Màmá bá ń gbàdúrà fún Àkànbí, wọ́n máa ń fi àwọn òbí ọmọ kejì kún un. Wọn kò mọ orúkọ wọn. Àwa náà kò mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi ti kọ lẹ́tà sí wọn nípasẹ̀ àwọn tó ń ṣètò rẹ̀, láìkọ orúkọ.

Àkànbí ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Kò tíì wá sí Nàìjíríà rí. Lára ohun tó dí i lọ́wọ́ ni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí wọ́n lè béèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń wọ orílẹ̀-èdè wa, kòkòrò tó ṣì wà láàyè, tí wọ́n kàn sọ di aláìlágbára, ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí oògùn ti mú ọmọ ogun ara rẹ̀ rọlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà á. Dókítà lè kọ ìwé pé kí wọ́n yọ̀ǹda fún un, àmọ́ ìwé kì í lé ẹ̀fọn. Màmá kò sì lágbára ìrìn àjò mọ́. Orí fóònù tó ń gbé àwòrán ni wọ́n ti ń rí ara wọn lọ́jọọjọ́ Àìkú. Yorùbá rẹ̀ kò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tó mọ̀ ọ́n sọ dáadáa. Ó máa ń sọ pé, "Màmá Àgbà, inú mi dùn láti rí yín." Màmá á wo èmi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Inú ẹ̀yin méjèèjì."

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ tuntun bá bi èébì tó ní àwọ̀ ewé, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má fún un ní oògùn inú rírun. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tó ní dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ, ní ọjọ́ náà, ní wákàtí náà. Ìfun tó bá lọ́ kì í dúró dilẹ̀ mọ́.

Ibà tó bá lé ní ọjọ́ mẹ́ta lára ọmọ tàbí àgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Táífọ́ọ̀dù tí wọ́n fi oògùn orí àtẹ tọ́jú ló ń lu ìfun. Omi tó mọ́ àti ọwọ́ tí a fi ọṣẹ fọ̀ ni kì í jẹ́ kó wọlé rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ gba kíndìnrín tàbí ẹ̀yà ara mìíràn, tàbí tí ẹ ní ẹni tó gbà á nílé, oògùn yẹn kò ní ìsinmi. Kí ara yá kì í ṣe ìdí láti fi í sílẹ̀, torí pé ẹ ń lò ó ni ara fi yá. Èso girépù wà lára ohun tí kò bá tacrolimus rẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ewé àti egbò. Gbogbo ohun tí wọ́n bá polówó fún yín pé ó ń fún ọmọ ogun ara lágbára, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín kó tó kan ẹnu.

Àjẹsára èéyi, ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sẹ́nu, kò yẹ fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí ọ̀rọ̀ mi yìí ní kí wọ́n má fún ọmọ tí ara rẹ̀ le ní àjẹsára o. Nígbà tí àwọn tó kù bá gbà á ni àìsàn kì í ráyè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè gbà á. Tí ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ kàn sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fún àwọn tó kù, yóò júwe bí ẹ ó ṣe ṣe é.

Èyí tó gbẹ̀yìn, tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá bi yín pé kí lẹ ti lò, ẹ sọ gbogbo rẹ̀. A ò ní bú yín. Bí nọ́ọ̀sì kan bá sì fẹ́ bú yín, ẹ sọ fún un pé nọ́ọ̀sì bíi tirẹ̀ ti fi èlùbọ́ bo àgbo mọ́lẹ̀ rí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ná. Ọlọ́run á ṣọ́ inú gbogbo wa.